Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Kò Bẹ̀rù Wa

Bọ́ọ̀gì là ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kọ kóòdù bíi tiwa á ti mọ ìdí: ibi téèyàn ò fojú sí ló ti máa ń yọ, á sì ti ba nǹkan jẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Wáyà ṣájà mẹ́ta ló gé lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọdún 2020 ni, nígbà tí kòrónà lé gbogbo ayé wọlé. Àwa tọkọtaya wà nínú yàrá méjì wa n'Ìbàdàn, kálukú kọjú sí kọ̀ǹpútà ẹ̀, títí di ọjọ́ tí aládùúgbò wa gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ìtẹ́ kan já bọ́. Ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ méjì wà nínú ẹ̀, ojú wọn ò tíì là. A dúró tì wọ́n dìrọ̀lẹ́ bóyá ìyá wọn á padà wá. Kò wá. A ò mọ̀ nígbà yẹn pé ó yẹ ká gbé ìtẹ́ náà sórí igi mìíràn nítòsí, ká sì kúrò níbẹ̀, torí ìyá ò ní wá níbi téèyàn bá dúró sí. Nígbà tí ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bọ̀, a kó wọn wọlé.

Ohun tá a ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn ń dùn wá dòní. A po mílíìkì inú agolo fún wọn. Ọmọ kékeré ló ń mu mílíìkì, àbí kí ló tún kù? Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, èyí tó kéré jù ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ kẹta ló kú. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó mọ̀ pé mílíìkì màlúù kò bá inú wọn mu, pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú ara wọn móoru kó tó fún wọn lóúnjẹ. Mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ajá ló sàn. Sírìnjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lèèyàn á fi rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà á sì fi àyà lélẹ̀, kí mílíìkì má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Tó bá mu tán, a ó fi òwú tá a rẹ sómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí ẹ̀ kó tó lè tọ̀. Ahọ́n ni ìyá ẹ̀ máa ń fi ṣe é.

Bọ́ọ̀gì yè. Ó ń sùn nínú àpò súwẹ́tà wa. Ó ń jókòó sórí èjìká wa tá a bá ń ṣèpàdé lórí Zoom, àwọn ará ibiṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà wa. Ẹ̀pà ló fẹ́ràn jù, ẹ̀pà la sì ń kó fún un. Nígbà tó tó oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀.

"Kí lẹ fi ń bọ́ ọ?" Dókítà ẹran ló béèrè.

"Ẹ̀pà ni, sà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kálísíọ̀mù inú ẹ̀pà ò tó nǹkan, egungun ẹ̀ ló ń rọ̀ yẹn. Ó fún wa ní oògùn, ó ní ká máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti egungun gbígbẹ tó lè máa họ, torí eyín ẹ̀ ò ní dẹ́kun hù títí ayé ẹ̀. Ká sì máa gbé e sí oòrùn àárọ̀. A ti mọ òwe ikún tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti kékeré. Àwa la wá di ẹni tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ikún.

Ẹsẹ̀ náà san. Ṣùgbọ́n dókítà ti rí oyún, ó sì kìlọ̀ fún wa. A lọ kà á fúnra wa: lọ́dún 2003, wọ́n kó òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ láti Gánà lọ sí Texas, fún àwọn tó ń fi irú wọn ṣe ọ̀sìn. Àìsàn mpox bá wọn dé ọ̀hún. Ó ran àwọn prairie dog tí wọ́n jọ wà lọ́dọ̀ oníṣòwò, àwọn yẹn kó o ran èèyàn. Èèyàn 47 ló kàn. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ Amẹ́ríkà fòfin de kíkó àwọn eku Áfíríkà wọlé. Bọ́ọ̀gì ò ṣàìsàn kankan o, ṣùgbọ́n ó máa ń gé wa jẹ tínú bá ń bí i, ọmọ sì ń bọ̀.

A gbé e lọ bá Bàbá wa lóko. Ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n wò ó bó ṣe gun apá wọn láìfòyà, wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gba ẹ̀mí ẹ̀ là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti gba ìbẹ̀rù lọ́wọ́ ẹ̀. Ìbẹ̀rù yẹn ni ọ̀kẹ́rẹ́ fi ń dàgbà."

A gbé ilé onírin ẹ̀ sábẹ́ igi fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà Bàbá ṣílẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi ń padà wá jẹun. Ọjọ́ kẹwàá, kò wá mọ́. Àwọn ọmọdé tó ní kànnàkànnà pọ̀ lágbègbè yẹn. Ó ṣeé ṣe kó rí ọ̀kan nínú wọn, kó sáré lọ bá a, kó rò pé ẹ̀pà ló mú dání.

Ọmọ wa ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí fẹ́ǹsì, ó ní ká mú un fóun. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà dúró, ó ń wò wá. A pàtẹ́wọ́ gbàgà. Ó sá gun igi lọ.

Ọmọ wa sunkún. A gbé e pọ̀n, a ò sì tíì ṣàlàyé fún un.