Ọdẹ, Níbo ni Ègùn Rẹ Wà?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta oúnjẹ ní ibùdókọ̀, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń yà síbẹ̀ ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, ó dá mi lójú pé bí a bá gbé ẹran ìgbẹ́ ka iwájú yín, ìbọn ni ẹ máa ń rò pé ó pa á. Ìbọn ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ léèrè, yóò sọ fún yín pé ibi tí òun jókòó sí ni iṣẹ́ wà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí ègùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ègùn kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba ọ̀nà oko tàbí ọ̀nà odò kọjá.

Bóyá àwọn ará ìlú ńlá kò mọ ohun tí ègùn í ṣe. Ègùn ni ìjókòó tí ọdẹ fi igi àti okùn so mọ́ orí igi, níbi tí yóò gbé máa dúró de ẹran. Àwọn ọdẹ mìíràn a máa rin igbó kiri lóru. Ẹni tí ó wà lórí ègùn ní tirẹ̀ a jókòó sójú kan láti ọjọ́rọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tàbí kí ó ti gun orí igi kí àkùkọ tó kọ. Ẹ̀fọn yóò jẹ ẹ́, òjò yóò pa á, kò sì gbọ́dọ̀ húkọ́. Àwọn àgbà kò ṣàì mọ ohun tí wọ́n ń wí nígbà tí wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ.

Èmi kì í ṣe ọmọ ọdẹ. Olùkọ́ ni mí, mo sì ti pé ẹni ọdún 34. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n gbé mi lọ, ilé ọdẹ àgbà kan ni mo sì wọ̀ sí. Bàbá ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní Tíṣà títí di òní. Nígbà tí ó rí i pé n kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní àkókò ọlidé, ó ní kí n máa bá òun ká lọ. N kò ní ìbọn, n kò sì wá ọ̀kan, nítorí òfin ìbọn ti ọdún 1959 sọ pé ẹni tí yóò bá ní ìbọn, ìbáà ṣe ṣakabùlà, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Bàbá ní tirẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti ru okùn, kí n sì máa fi ojú kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní tí Bàbá kọ́ mi ni pé kí ọdẹ tó wo orí igi, kí ó wo ààlà. Igbó ìjọba tí à ń pè ní Old Oyo National Park kò jìnnà sí wa. Láti ọdún 1936 ni ìjọba ti ń dá àwọn igbó náà sí. Wọ́n sọ wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹranko ní ọdún 1952, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Ọdẹ kò gbọ́dọ̀ so ègùn síbẹ̀, bí ẹran tilẹ̀ ń tò lọ tò bọ̀ níbẹ̀ bí ewúrẹ́ ilé.

Lẹ́yìn ààlà, oúnjẹ ni. Ní ìgbà òjò, bí èso ìyeyè bá ń já bọ́, ẹtu àti ìgalà a máa wá ṣà á jẹ nílẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí igbó bá ti jó, tí koríko tútù sì ń hù láti inú eérú, ibẹ̀ ni wọn yóò máa jẹ̀, tàbí kí wọ́n máa lọ sí ibi tí omi kù sí. Ṣùgbọ́n èso nílẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí. Bàbá a máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi ọwọ́ kan ojú ẹsẹ̀ ẹran, a wò ó bóyá etí rẹ̀ ṣì mú tàbí ó ti wó. A wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ṣì ń dán tàbí ó ti gbẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń lọ wo ojú ibẹ̀, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó gé igi kan ṣoṣo. Bí mo bá ní, “Bàbá, ṣé kò tíì tó?” a dá mi lóhùn pé, “Tíṣà, ṣé o kì í pe orúkọ àwọn ọmọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni?”

Ohun kẹta ni afẹ́fẹ́, èyí sì ni ó ń da ọ̀pọ̀ ọdẹ láàmú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ ọdẹ fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹran, òórùn ọṣẹ tí ó fi wẹ̀ tàbí sìgá tí ó fà yóò ti ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ ìgbà òjò a máa ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá láti orí òkun. Ti ọyẹ́ a sì máa ti àríwá ìlà-oòrùn wá láti aṣálẹ̀. Nítorí náà, igi tí ó dára fún ègùn ní oṣù kẹjọ lè má wúlò rárá ní oṣù kìn-ín-ní. Ní òjò, kí ọdẹ wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ibi tí ẹran ń jẹ̀. Ní ọyẹ́, kí ó kọjá sí òdì kejì. Ibi tí òkè bá wà tún yàtọ̀: bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ a máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì, bí ilẹ̀ bá gbóná lówùúrọ̀, a tún máa gun òkè padà. Eérú díẹ̀ ni Bàbá máa ń dì sínú aṣọ. Yóò bù ú, yóò jẹ́ kí ó máa bọ́ láàárín ìka rẹ̀, yóò sì wo ibi tí ó ń fẹ́ lọ. Mo ti rí i tí ó wo eérú náà, tí ó ká okùn rẹ̀, tí a sì padà sílé láìgun igi.

Igi tí yóò gba ègùn gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tútù tí ẹ̀ka rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yà ní ojú kan, nítorí igi gbígbẹ a máa dá láìdágbére. Kí ó má ṣe jẹ́ igi eléso náà gan-an, kí ó wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ 20 sí i, nítorí agbára ọta ṣakabùlà kì í lọ jìnnà. Gíga ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 15 ti tó. Kí a wò ó bóyá oyin tàbí tanpẹ́pẹ́ wà nínú igi náà. Lẹ́yìn èyí ni a óò to igi mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìdábùú, tí a óò sì fi okùn dì wọ́n. Okùn igbó dára nígbà tí ó bá tutù, ṣùgbọ́n òjò a máa jẹ ẹ́; ọdọọdún ni Bàbá ń tú ti àtijọ́ dànù. Kí ìjókòó má ṣe kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Kí ègùn dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún, kí ó lè mọ́ àwọn ẹran lójú. A kì í sì gbé ìbọn dání gun igi: okùn ni a fi ń fà á lẹ́yìn ẹni, a kò sì ní fi ohun tí ń mú iná sí i títí a ó fi jókòó dáadáa.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí ń dọdẹ a máa kan àpótí pákó tàbí ti ike bí ilé kékeré, wọn a gbé e ka orí òpó, wọn a sì yọ fèrèsé tóóró sí i lára. Àpótí náà a máa bo ìmira ọdẹ, a sì máa gbà á lọ́wọ́ òjò àti òtútù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wù mí jù nínú tiwọn ni pé òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wọn pàṣẹ pé kí ẹni tí ń fi ìbọn dọdẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò bí ọsàn tí ó pọ́n, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí i láti òkèèrè. Àwọn ọmọ tiwa tí ń lọ pọnmi ní ìdájí kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ó mú mi dé orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní abúlé wa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdẹ kan ní agboolé kejì so ègùn mọ́ igi kan nítòsí odò. Bí a bá fi gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kà sílẹ̀ yìí wọ̀n ọ́n, kò ní àbùkù: ìyeyè wà nítòsí, ojú ẹsẹ̀ ìgalà pọ̀, afẹ́fẹ́ dára, igi náà sì lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyeyè yẹn gan-an ni ọ̀nà odò gbà kọjá, igbó sì bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà lórí ègùn kò lè rí i. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ń gbà.

Kì í rọrùn fún àlejò láti bá àwọn àgbà ìlú sọ ọ̀rọ̀ ìbọn. Mo sọ fún Bàbá, Bàbá sì mú mi lọ bá Olúọdẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún wọn. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọdẹ náà. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, bàbá tí ó bí mi so ègùn sí igi yìí kí wọ́n tó kọ́ ilé-ìwé sí ìlú yìí. Ta ni kò mọ̀? Ṣé Tíṣà tí kò lè ki ìbọn ni yóò wá júwe igi fún mi?” Òótọ́ ni ó sọ. Ní ayé bàbá rẹ̀, ènìyàn kì í gba ibẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ omi ìlú bàjẹ́ ni àwọn ọmọ sọ ibẹ̀ di ọ̀nà.

Olúọdẹ kò dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní kí ọdẹ náà àti Bàbá gun ègùn náà ní ìdájí ọjọ́ kejì láìmú ìbọn dání, kí èmi jókòó sí ìdí igi. Wọ́n fún ọdẹ náà ní òkúta wẹ́wẹ́, pé nígbàkígbà tí ewé bá mì lẹ́yìn ìyeyè, kí ó sọ ọ̀kan sílẹ̀ sí mi. Àwọn fúnra wọn lọ jókòó sí etí ọ̀nà odò. Nígbà tí oòrùn yọ, òkúta 11 ni mo ti ṣà. Olúọdẹ ní ọmọ mẹ́jọ ni ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn, àti obìnrin kan tí ó pọn ọmọ, àti ewúrẹ́ kan. Ìkọkànlá nìkan ni a kò mọ̀. Ọdẹ náà béèrè ẹni tí obìnrin náà í ṣe. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni.

Ó tú ègùn náà lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn. Ìrìn wákàtí kan ni ibi tí ó so òmíràn sí, ẹran tí ó ń pa níbẹ̀ kò sì tó ti àtẹ̀yìnwá. Ìyàwó rẹ̀ tí ń ta ẹran ìgbẹ́ sọ fún ìyàwó mi lọ́jà pé ẹnu Tíṣà ni ó jẹ ọjà òun. N kò rí èsì kan fọ̀, nítorí mo mọ̀ pé inú ọjà náà ni owó ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jáde, èmi sì ni mo ń kọ́ wọn.

Láti ìgbà náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ táàmù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń béèrè ọ̀nà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà wá sílé-ìwé àti èyí tí ó ń gbà lọ sódò, màá sì kó o lọ fún Olúọdẹ. Ẹni tí yóò bá so ègùn tuntun gbọ́dọ̀ sọ fún wọn, yóò sì so màrìwò mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní ìlú ọdẹ, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Kò ná wa ju ewé ìwé kan lọ.

Ní ti ẹ̀yin ọdẹ, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ẹ tó so okùn kìn-ín-ní, ẹ lọ jókòó sójú ibẹ̀ ní ìdájí kan láìmú ìbọn, kí ẹ ka ẹsẹ̀ tí ń kọjá. Ẹ tún un kà lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí ọ̀nà ń yí padà. Bí ẹ bá ka ènìyàn níbẹ̀, ẹyọ kan péré, ẹ ká okùn yín.