Kí Ni Ó Kún Inú Fóònù Màmá?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ìgbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ fóònù Android ni, pàápàá ìkìlọ̀ kan tí ó máa ń yọ sí ojú rẹ̀ wí pé àyè ti fẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a máa ń fi ọwọ́ nù ún kúrò bí ẹni ń nu òógùn, títí di ọjọ́ tí fóònù náà yóò kọ̀ láti ya àwòrán, tí kò ní lè gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i mọ́, tí a ó sì wá máa sá káàkiri láti wá ẹni tí yóò bá wa tún un ṣe.

Kí a tó wá ẹnikẹ́ni, ohun méjì wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, nítorí pé orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè wọ́n. Iṣẹ́ káfíńtà ni bàbá wa ṣe ní ayé rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe àpèjúwe. Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ó máa ń to pákó sí, èyí tí ó rà ní ọdún yìí àti èyí tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ní iwájú, tábìlì iṣẹ́ kan wà. Pákó tí ó bá ń gé lọ́wọ́ nìkan ni ó ń wà lórí tábìlì yìí, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, yóò kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ibi ìpamọ́ fóònù, èyí tí wọ́n kọ Storage sí. Tábìlì iṣẹ́ ni RAM. Ohun tí ó wà ní ibi ìpamọ́ kì í parẹ́ nígbà tí a bá pa fóònù, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí RAM a máa lọ. Ẹni tí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá kún kò ní ríbi kó pákó tuntun sí. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ bá kéré, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa falẹ̀. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn kò sì jọra.

Fóònù Android àkọ́kọ́ tí wọ́n tà, ní ọdún 2008, MB 256 péré ni ibi ìpamọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ sì jẹ́ MB 192. Lónìí, fídíò wáàsí kan ṣoṣo lè gba gbogbo àyè yẹn tán.

Fóònù màmá wa ni ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Fóònù GB 32 ni, RAM rẹ̀ jẹ́ GB 2. Ó dé ìgbà kan tí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí màmá, kò ní rí i gbà. Ọmọkùnrin tí ń tún fóònù ṣe ní ọjà wò ó, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí òun fọ gbogbo inú rẹ̀ dànù, kí ó padà sí bí ó ṣe rí ní ọjọ́ tí a rà á. Àbúrò mi ọkùnrin fara mọ́ ọn. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí ó fọ̀ ọ́, kí gbogbo wa sinmi.” Màmá gba fóònù wọn, wọ́n sì fi í sí abẹ́ ìborùn. Wọ́n ní, “Ohùn bàbá yín wà nínú rẹ̀. Ẹ kò ní fọ̀ ọ́ dànù lójú mi.”

Òótọ́ ni. Ní ọdún 2018, màmá lọ tọ́jú ọmọ tuntun lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin ní Èkó, oṣù mẹ́rin ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Bàbá wà ní ilé ní Ìwó. Bàbá kò fẹ́ràn kí a máa fi ọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, nítorí náà ohùn ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìrun Subhi àti ní alẹ́. Wọ́n á kí màmá, wọ́n á ṣàdúà fún ọmọ, wọ́n á béèrè ibi tí màmá gbé èlùbọ́ sí. Bàbá kú ní ọdún 2020. Kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Ẹ ó rí i nígbà náà pé ọ̀rọ̀ àyè inú fóònù kọjá ọ̀rọ̀ irin lásán nínú ilé wa.

Ohun tí mo sọ fún àwọn méjèèjì ni pé ẹni tí kò tíì ka ẹrù kò lè sọ pé kí a da ẹrù nù. Mo ṣí Settings, mo tẹ Storage. Orúkọ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn, nítorí pé ní ara Samsung, abẹ́ Device care ni ó wà. Ohun tí mo rí nìyí: GB 31.4 ti kún nínú 32. Android fúnra rẹ̀ àti ohun tí ilé iṣẹ́ fóònù fi sí i gba GB 10.4. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń rà á. GB 32 tí a kọ sí ara páálí kì í ṣe tiwa tán, a ti gé ìdá mẹ́ta rẹ̀ kí a tó tan fóònù náà. Áàpù gba 6.1, fídíò gba 9.2, àwòrán gba 3.8. Gbogbo ohun tí a lè gbọ́ létí, ohùn bàbá, kéwú àti orin ìlù tí ọmọ-ọmọ fi síbẹ̀, kò pé GB 1. Ìyókù jẹ́ wẹ́wẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Ohun tí màmá ń sunkún lé lórí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè kankan. Fídíò ni ó ń fún fóònù náà lọ́rùn.

Ibo ni fídíò ti wá? Màmá kì í ya fídíò. Mo ṣí WhatsApp, mo lọ sí Settings rẹ̀, mo tẹ Storage and data, lẹ́yìn náà Manage storage. Ibẹ̀ ni WhatsApp ti máa ń to ohun gbogbo sílẹ̀: èyí tí ó ju MB 5 lọ, èyí tí ènìyàn ti rán káàkiri lọ́pọ̀ ìgbà, àti iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tàbí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹgbẹ́ àsàlátù ni ó ṣe ipò kìíní, ẹgbẹ́ ọmọlẹ́bí tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ti ń ta aṣọ ṣe ìkẹta, màmá kò sì mọ ẹni tí ó fi wọ́n sínú ìkẹta yìí. Wáàsí oríṣiríṣi, ìyàwó tí ń jó níbi ìnáwó tí a kò mọ onínàáwó, ọkùnrin kan tí ń fi ewé ṣe oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Àwòrán “Jímọ̀ Mubarak” nìkan, pẹ̀lú òdòdó àti fìtílà, kọjá ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi wọ́n ránṣẹ́. Ẹ máa kí wa, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ẹnu kí wa.

Níbí ni màmá ti tún dá mi dúró. Wọ́n ní, “Ìyá Ridwan, orúkọ Ọlọ́hun wà lára òmíràn. Ṣé a lè pa á rẹ́ ni?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ni ó wà lọ́kàn wọn. A pe Alfa wa lórí fóònù. Wọ́n ní ẹni tí ó nu wàláà rẹ̀ kí ó lè tún un kọ kò tàbùkù sí ohun tí ó wà lórí wàláà, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù. Ọkàn màmá balẹ̀, àwa sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kì í ṣe píparẹ́ rárá. A wo Chats nínú Settings WhatsApp, a tẹ Chat backup, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ tí a ṣe àdàkọ kẹ́yìn. Kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọmọ ọjà yẹn bá fọ fóònù náà, kò sí ibi kan lábẹ́ ọ̀run tí a ti lè rí ohùn yẹn mọ́. A wá fáìlì náà jáde: a ṣí áàpù Files, a wọ WhatsApp, a wọ Media, a sì rí WhatsApp Voice Notes. Ní àwọn fóònù tí ó ń lo Android 11 sókè, abẹ́ Android, lẹ́yìn náà media, lẹ́yìn náà com.whatsapp ni ẹ ó ti rí WhatsApp náà. Ọdún àti ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi sọ àpò kọ̀ọ̀kan lórúkọ, bíi 201837, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì ọdún 2018. A kó ohùn bàbá, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni, sí orí mẹ́mórì káàdì, a tún kó o sínú fóònù mi àti ti àbúrò mi. Gbogbo rẹ̀ kò pé MB 15. Fídíò wáàsí kan tí a bá nínú ẹgbẹ́ àsàlátù jẹ́ MB 64.

Lẹ́yìn èyí ni a wá pa fídíò rẹ́. Ẹ rántí pé ohun tí a bá pa rẹ́ láti inú ibi àwòrán lè lọ sínú àpótí ìdọ̀tí, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́ tàbí 60 ọjọ́. Bí ẹ kò bá da àpótí náà nù, àyè kò tíì yọ. Nínú Apps, ẹ ó tún rí ohun méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: Clear cache àti Clear storage. Èkíní, èéfọ́ pákó ni. Ẹ gbá a, kò sí ewu. Èkejì yóò dá áàpù padà sí ọjọ́ tí ó wọlé, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó fi pamọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tí ń kánjú tẹ èkejì lórí WhatsApp àgbàlagbà.

Nígbà tí a parí, GB 10 àti díẹ̀ ti ṣófo. A wọ Storage and data lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì yọ fídíò kúrò nínú ohun tí WhatsApp lè máa gbà wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tí màmá bá fẹ́ wò, wọn ó tẹ̀ ẹ́. Dátà wọn náà ti ń pẹ́ díẹ̀.

Àbúrò mi ní fóònù náà ṣì ń falẹ̀. Mo dá a lóhùn pé tábìlì iṣẹ́ nìyẹn. Láti rí RAM ní ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ lọ sí About phone, ẹ tẹ Build number ní ẹ̀ẹ̀méje tẹ̀lé ara wọn, Developer options yóò sì yọ. Nínú rẹ̀ ni Memory wà, tí yóò sọ iye tí áàpù kọ̀ọ̀kan lò láàrin wákàtí mẹ́ta tàbí ọjọ́ kan. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ìyókù tí ó wà níbẹ̀. GB 1.6 ni ó ń lò nínú 2. Ìyẹn nìkan kì í ṣe àìsàn, nítorí pé Android mọ̀ọ́mọ̀ ń fi áàpù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí orí tábìlì kí ó lè tètè ṣí. Bí àyè bá há, yóò ti èyí tí ó pẹ́ jù kúrò fúnra rẹ̀. Àwọn áàpù tí ń ṣèlérí pé àwọn yóò máa “fọ RAM” kò ṣe ju kí wọ́n ti áàpù kúrò, kí fóònù sì tún bẹ̀rẹ̀ láti gbé e padà, èyí tí ń jẹ bátìrì. Àbúrò mi ti fi méjì sínú fóònù màmá. A yọ méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra fóònù, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń kọ sí ara páálí. “GB 8” lè jẹ́ 4 pẹ̀lú 4. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni RAM ní tòótọ́. Mẹ́rin kejì, ibi ìpamọ́ ni wọ́n gé lára láti máa lò bí RAM, kò sì lè yá tó o. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tà á ṣí About phone hàn yín kí ẹ tó ka owó.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa ni orúkọ. WhatsApp kò mọ ohun tí bàbá sọ, PTT-20180914-WA0003 ni ó kọ sí ara fáìlì. Ẹ̀dà tí ó wà nínú fóònù mi ni a ń sọ lórúkọ, nítorí pé bí a bá yí orúkọ ojúlówó padà, WhatsApp kò ní rí i mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, màmá á gbọ́ ọ̀kan, wọ́n á sọ ohun tí ó jẹ́, èmi á sì kọ ọ́: “àdúà ìkómọ”, “òjò ba pákó jẹ́”, “èlùbọ́ wà nínú kẹ́ẹ̀gì funfun”. A ti dé ìkọkànlélógójì.