Ọ̀pọ̀tọ́ Tí Ó Pọ́n Tí Kò Pupa

Àwọn kan nínú yín ń bi wá léèrè ọ̀pọ̀tọ́ tí a gbé wá sí ìpàdé oṣù kẹsàn-án, èyí tí ẹnìkan sọ pé kò tíì gbó, tí òun náà sì padà wá mú ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìtàn rẹ̀ nìyí.

Nílé, "ó pọ́n" àti "ó pupa" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu wa. Ọ̀pọ̀tọ́ tiwa tí ń so mọ́ ara igi, pupa rẹ̀ ni pípọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ti ìhín, irú tí Bíbélì ń sọ, a rí èyí tí ń dúdú, a sì rí èyí tí ń gbó dénú tí ara rẹ̀ kò kúrò ní àwọ̀ ewé. Èyí ni a fẹ́, nítorí pé ẹyẹ kì í tètè fura sí i.

Igi tí a kọ́kọ́ rà tàn wá jẹ. Ọdún 3 ni a fi bomi rin ín. Bí èso rẹ̀ bá ti tó orí àtàǹpàkò, gbogbo rẹ̀ a rẹ̀ dànù. A fi ajílẹ̀ sí i, asán ni. (Ẹnìkan nínú wa ti ń wá ẹni tí ó fi í gégùn-ún.) Ìgbà tí a kàwé ni a mọ̀ pé irú Calimyrna ni ó jọ. Èyí kì í gbó àfi bí kòkòrò kékeré kan tí ó jọ agbọ́n bá gbé lẹ́búlẹ́bú láti inú akọ ọ̀pọ̀tọ́ wọ inú rẹ̀. Ẹ rántí àwọn kòkòrò tí a ń bá nínú ọ̀pọ̀tọ́ nílé bí a bá là á. Ìbátan wọn ni. Ní 1899 ni kòkòrò yìí tó fìdí múlẹ̀ ní Califọ́níà. Kò sí i ní Maryland. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá igi kan dùn, ẹ béèrè bóyá ó ń fẹ́ kòkòrò. Kadota kò fẹ́ ẹ, Lattarula kò fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni Marseilles, tí Thomas Jefferson gbìn ní Monticello.

Ìjọba Amẹ́ríkà ní ilé ìpamọ́ ọ̀pọ̀tọ́ ní Davis, ní Califọ́níà, ṣùgbọ́n fún ìwádìí ni, kì í ṣe fún ẹ̀yìnkùlé àwa akẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá ará Ítálì kan ní Hyattsville ni ó gbà wá. Wọ́n ti kọjá ẹni ọdún 80, wọ́n sì ń ta ilé wọn láti lọ bá ọmọ gbé. A bi wọ́n ní orúkọ igi wọn, wọ́n ní, "Ti bàbá mi ni." Kò sí orúkọ mìíràn. A là á wò: inú rẹ̀ kò pupa bíi ti Adriatic, oyin ni ó jọ. Lattarula ni a rò, ṣùgbọ́n a kò lè búra. Ní oṣù kejì, nígbà tí ewé ti wọ́ tán, a gé ọ̀pá 9 tí ó gùn tó pẹ́ńsù. Ní oṣù kẹrin, ẹni tí ó ra ilé náà gé igi lulẹ̀. Bàbá kò tíì mọ̀. Àwa kò sì sọ.

Ọ̀pá 4 ni ó yè. Inú ìkòkò ni a gbìn wọ́n sí, nítorí pé a kò ní ilẹ̀, bí òtútù bá sì dé a ń gbé wọn sínú gáréèjì. Ní ọdún kejì wọ́n so. Ẹ má wo àwọ̀, ẹ wo ọrùn: bí ó bá sorí kọ́ bí ẹni tí ń tòògbé, tí ara rẹ̀ rọ̀, ó ti pọ́n. Bí ẹ bá já a ṣáájú, kò ní gbó nínú ilé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

A ó tún gé ọ̀pá ní oṣù kejì tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó mú ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ọ̀rá wá, kí ó sì ṣọ́ra kí oje rẹ̀ má kàn án lójú.