KÓRÓ DÀBÍNÙ ÀTI KÓRÓ ÁTỌ́Ọ̀MÙ

  

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin àwọn òbí àti àwọn olùkọ́. Àwọn kan ní kí a yọ físíìsì kúrò nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, kí àyè lè gba náháwù àti fíkíhì sí i. Àwa tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó lórí ẹní kéú, a sì ti jókòó nínú yàrá ìwádìí físíìsì. A kò kóyán náháwù kéré rárá. Ṣùgbọ́n ìdí kan tí àwọn bàbá wa ń mú wá ni a fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní ohun tí ojú kò rí ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń ròyìn. Wọ́n ní, ta ni ó wọ inú átọ́ọ̀mù lọ tí ó sì padà wá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí? Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹ̀rín dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè Lárúbáwá tí a jọ ń kọ́. Dharra ni àwọn Lárúbáwá òde òní ń pe átọ́ọ̀mù. Kóró tí ó wà láàrin rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nawāt. Ọmọ tí ó bá ti fi dàbínù ṣínu rí ti mú nawāt lọ́wọ́, nítorí kóró dàbínù gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Dharra pàápàá, kí ó tó di orúkọ átọ́ọ̀mù, èèrà kékeré tàbí eruku tí à ń rí nínú ìtànṣán oòrùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwàásù kan máa ń sọ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú Àlùkùránì, kí ni a tún ń wá kiri? Ní tiwa o, orúkọ nìkan kò tíì tó. Ẹni tí ó mọ orúkọ dàbínù tí kò gbìn ín kò ní jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1911 ni Ernest Rutherford, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ fún ayé pé átọ́ọ̀mù ní kóró. Kóró náà kéré kọjá àfẹnusọ. Bí a bá lè fẹ átọ́ọ̀mù wúrà kan títí yóò fi fẹ̀ tó mítà 100, kóró àárín rẹ̀ kò ní tó sẹ̀ǹtímítà kan. Kò sí awò kankan tí a lè fi wò ó.

Báwo ni a ṣe wá mọ̀ ọ́n? Ọkùnrin ará Basra kan, Ibn al-Haytham, ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Káírò, ti kọ́ wa nínú ìwé rẹ̀, Kitāb al-Manāẓir, pé ojú kì í ju ìmọ́lẹ̀ sára nǹkan kí ó tó rí i. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń ti ara nǹkan wá bá ojú. Kóró átọ́ọ̀mù náà ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Paul Villard ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1900, ìmọ́lẹ̀ náà ni a sì ń pè ní ìtànṣán gámà. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ojú wa lè gbà lọ. KeV ni orúkọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó ń jáde láti ara cesium-137, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 662 keV, ó sì ju ìlọ́po 200,000 ti ìmọ́lẹ̀ fìtílà lọ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí nǹkan bá da kóró átọ́ọ̀mù láàmú, yóò gba agbára. Nígbà tí ó bá ń fara balẹ̀, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ó ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀, yóò sì máa ju gámà kan sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn ti kóró kan kò bá ti òmíràn mu. Bí a bá wọn gámà náà dáadáa, a ti mọ gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Germanium ni ohun tí a fi ń gba gámà yìí. Nitrogen olómi ni wọ́n sábà fi ń mú un tutù, ìyẹn ní ìwọ̀n 196 sí ìsàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kọ̀ǹpútà yóò máa ka gámà kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé, yóò sì tò wọ́n bí agbára wọn ṣe tó, títí tí òkè ṣóńṣó-ṣóńṣó yóò fi yọ lórí àwòrán náà. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé bí a kò bá tilẹ̀ gbé ohunkóhun síwájú ẹ̀rọ náà, tí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àwọn òkè náà yóò yọ. Ara ògiri àti ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Ọ̀kan wà ní 1,461 keV, ti potassium-40 ni. Potassium yìí wà nínú iyanrìn, ó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì wà nínú ẹran ara àwa àti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí.

Òkè mìíràn wà ní ọwọ́ ìparí, ní 2,614 keV. Thorium inú iyanrìn ni ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ títí tí ó fi ń di òjé, ìyẹn lead-208, òjé tuntun yìí ni ó sì ń ju gámà náà sílẹ̀ bí ó ṣe ń fara balẹ̀. Ẹ kíyè sí bí ó ti ga tó. Kóró erbium-166 kò nílò ju bíi 80 keV lọ láti gun àtẹ̀gùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ti òjé yìí ju ọgbọ̀n ìlọ́po bẹ́ẹ̀ lọ! Kí ló dé? Prótọ́ọ̀nù 82 ni ó wà nínú rẹ̀, niutírọ́ọ̀nù sì jẹ́ 126. Iye méjèèjì wà lára àwọn nọ́ńbà kan (2, 8, 20, 28, 50, 82 àti 126) tí ó máa ń mú kí kóró le koko, kí ó sì rí róbótó. Nọ́ńbà idán ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n. Orúkọ náà kò dùn mọ́ wa, nítorí kò sí idán níbẹ̀. Obìnrin kan, Maria Goeppert Mayer, ìyá ọlọ́mọ méjì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní yunifásítì Amẹ́ríkà láìgba owó oṣù, ni ó tú àdììtú náà ní ọdún 1949. Hans Jensen ní Jámánì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà dé ibẹ̀ lásìkò kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n jọ ṣe é. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó pín ẹ̀bùn Nobel ọdún 1963. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin ní kíláàsì àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Kì í ṣe gbogbo kóró ni ó rí róbótó. Ní ọdún 1986, ní Daresbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Twin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju kóró calcium-48 lu palladium-108 pẹ̀lú eré burúkú. Àwọn méjèèjì lẹ̀ pọ̀, niutírọ́ọ̀nù mẹ́rin jáde, ó ku dysprosium-152 tí ó ń yí bí òkòtó. Òkòtó ọmọdé máa ń rọra rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti kóró jẹ́ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, gámà kan fún ìgbésẹ̀ kan. Wọ́n ka òkè 19 tí ó tò tẹ̀lé ara wọn, àlàfo àárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi 47 keV. Láti inú àlàfo yìí ni wọ́n ti ṣírò bí ohun tí ń yí náà ṣe rí: gígùn rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ẹ mú kóró dàbínù kan dání kí ẹ wò ó. Àwọn Lárúbáwá kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n pè ní nawāt lè gùn gbọọrọ bẹ́ẹ̀ ní ti òdodo.

Èsì wa fún àwọn bàbá wa nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó wọ inú átọ́ọ̀mù lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ti inú rẹ̀ jáde wá, àwọn kan sì jókòó kà á. Iṣẹ́ yìí kò sì jìnnà sí wa: láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ ìwádìí átọ́ọ̀mù NIRR-1 ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, níbi tí wọ́n ti ń fi gámà mọ ohun tí ó wà nínú erùpẹ̀ àti oúnjẹ. Ọmọ tí kò bá ṣe físíìsì ní kíláàsì àgbà kò ní lè bá wọn ṣe é. Pírìọ́dù mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ní ti náháwù, àwa fúnra wa ti ṣe tán láti máa kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìrun Àsárì, láìgba kọ́bọ̀.