Àyà Títa àti Oògùn Funfun

Ẹni tí ó bá mọ Òjé wa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ ọjà òfì yóò mọ̀ pé àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kì í ráyè jẹun. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó jẹ àmàlà ní àjẹyó, wọn a sì dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àyà a máa ta wọ́n bí ẹni pé a fi ata sí i.

Omi kíkan kan ń bẹ nínú ikùn tí ń bá wa da oúnjẹ. Bí a bá dùbúlẹ̀ ní àjẹyó, omi náà a máa gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun, a sì máa ta á. Káún ni àwọn ìyá wa ń lò sí i. Àwa a máa ra oògùn funfun bí ẹfun ní kẹ́míìsì, tàbí iyọ̀ Andrews tí ń hó nínú omi. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọn a pa kíkan náà. Oògùn rere ni wọ́n; ṣùgbọ́n pípa iná kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú mímú ẹni tí ń dá a.

Aládùúgbò wa kan, ìyá àgbà tí ń ta òfì, lo oògùn funfun yìí fún oṣù púpọ̀. Nítorí ẹ̀yìn tí ń dùn ún, ó tún ń lo oògùn ara ríro lójoojúmọ́. Nígbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọgbẹ́ inú ni wọ́n bá níbẹ̀, ó sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀. A dúpẹ́ pé ó yè.

Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac a máa dá irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn tí ń fà á ni kòkòrò Helicobacter pylori, tí Barry Marshall àti Robin Warren rí ní Austrálíà ní 1982, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Oògùn funfun kò lè pa kòkòrò yìí. Èyí tí dókítà bá yàn ni yóò pa á.

Nítorí náà, bí àyà títa bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, bí ènìyàn bá ń bi ẹ̀jẹ̀, bí oúnjẹ kò bá gba ọ̀fun lọ mọ́, tàbí bí ìrora àyà bá ràn dé apá, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ṣọ́ra fún káún àti iyọ̀ tí ń hó. Ẹ tètè jẹun alẹ́, kí wákàtí mẹ́ta kọjá kí ẹ tó sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní wá oògùn mọ́ bí wọ́n bá ṣe èyí.