Ọgọ́ta Eré, Owó Ilé Kan

Aago kan òru ti kọjá ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020. Àwa mẹ́ta kó ara wa jọ sídìí fóònù kan ṣoṣo nínú yàrá tí a háyà lẹ́yìn ògbà, nítorí òun nìkan ni dátà ṣẹ́kù sí. Kò sí iná. Ní ìlú Arlington ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Tampa Bay Rays ń kojú Los Angeles Dodgers nínú eré kẹfà àṣekágbá béésìbọ́ọ̀lù. Náírà 28,000 tó ṣẹ́kù nínú owó ilé wa wà lórí Rays.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Kí ló kan ọmọ tó ń kọ́ èdè Yorùbá pẹ̀lú béésìbọ́ọ̀lù? Ẹ jẹ́ ká rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀. A ò ní bo ọ̀kan mọ́lẹ̀.

Oṣù Kẹta ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. ASUU gùn lé ìyanṣẹ́lódì, kòrónà wọlé, ìjọba ní kónílé ó gbélé, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá sì dáwọ́ dúró káàkiri Yúróòpù. Kò ṣàjèjì sí wa láti ta tẹ́tẹ́: igba náírà lórí Chelsea, ọ̀ọ́dúnrún lórí Barcelona, bí ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì ṣe ń ṣe. Nígbà tí bọ́ọ̀lù lọ tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í ta lórí líìgì Belarus tí kò dúró, lórí àwọn ẹgbẹ́ tí a ò lè pe orúkọ wọn. Béésìbọ́ọ̀lù Taiwan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ti Kòríà tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ jókòó wo bí wọ́n ṣe ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń sá eré yípo. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní oṣù Keje, a sọ fún àwọn òbí wa pé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ń pè wá, a sì padà sí yàrá wa. Irọ́ ni. Ti Amẹ́ríkà ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ 23, oṣù Keje ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tó bá dára, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbá eré 162 kí ìdíje ìkẹyìn tó dé. Lọ́dún yẹn, 60 péré ni. Àrùn jẹ nínú rẹ̀, ìjà owó láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù sì jẹ nínú èyí tó kù. Kò sí òǹwòran ní pápá. Àwòrán ènìyàn tí wọ́n fi páálí ṣe ni wọ́n tò sórí àga. Ìjọba Kánádà kò gbà kí Toronto gbá eré nílé, wọ́n sì kó lọ sí Buffalo. Bí ẹgbẹ́ méjì bá fẹ́ gbá eré méjì lọ́jọ́ kan, abala méje ni wọ́n ń gbá dípò mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ 16 nínú 30 ni yóò wọ ìdíje ìkẹyìn, dípò mẹ́wàá. Aago méje alẹ́ ní New York jẹ́ aago méjìlá òru lọ́dọ̀ wa. Tí eré bá jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn wọn, aago mẹ́ta òru kọjá ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A sọ òru di ọ̀sán.

Nítorí iṣẹ́ tí a yàn láàyò, a ò lè wò ó láìsọ ọ́ lórúkọ. “Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀” kò bá a mu, nítorí ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù di “ajubọ́ọ̀lù”, ẹni tó di igi mú di “onígi”. Tí onígi bá gbá a kọjá ògiri pápá, a jiyàn títí lórí orúkọ tó yẹ kí a pè é. Nígbẹ̀yìn, “Ó lọ!” ni gbogbo wa ń pariwo.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, a fi 500 náírà lé New York Yankees lórí. Òjò dá eré náà dúró ní abala kẹfà, Yankees ló wà níwájú pẹ̀lú 4 sí 1, wọ́n sì gbé e fún wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 5,000 tí a kọ́kọ́ dá jọ ti di 19,000. A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a fi rúlà pín in, a ń kọ orúkọ ajubọ́ọ̀lù àti iye tó gbà sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lálẹ́, a ó dáhùn bí ẹni tó gbé ọpọ́n Ifá kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdánwò kọ́ọ̀sì Ifá gan-an ṣì ń dúró dè wá.

Ohun tí a ò rí nígbà náà ni pé oríire àti ọgbọ́n jọra wọn púpọ̀ nínú sáà kúkúrú. Ẹ wo Washington Nationals tó pàdánù lálẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Àwọn ló gba ife-ẹ̀yẹ ọdún 2019. Ṣùgbọ́n nínú eré 50 tí wọ́n kọ́kọ́ gbá lọ́dún náà, 19 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 31. Ohun tó gbà wọ́n là ni pé eré 112 ṣì wà níwájú. Ká ní 60 ni gbogbo rẹ̀, a ò ní rántí wọn mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ kì í sọ bí ọdún ṣe máa rí, àmọ́ lọ́dún 2020, òjò àkọ́rọ̀ nìkan ni wọ́n ní. Àwa náà sì rí ọ̀sẹ̀ méjì tó tù wá lára, a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé.

Ẹ wo Dodgers náà, ẹgbẹ́ tó dára jù lọ lọ́dún yẹn. Nínú eré 60, wọ́n borí ní 43. Ká sọ pé ènìyàn fi 1,000 náírà lé wọn lórí nínú eré kọ̀ọ̀kan, kí ọ́ọ̀dì sì jẹ́ 1.40 nígbà gbogbo. Owó tó máa fi sílẹ̀ jẹ́ 60,000. Èyí tó máa gbà padà jẹ́ 60,200. Igba náírà ni èrè oṣù méjì àìsùn, lórí ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó dára. A ò ṣe ìṣirò yìí ní oṣù Kẹjọ. Oṣù Kọkànlá ni a tó ṣe é, nígbà tí kò sówó tí a máa fi ta tẹ́tẹ́ mọ́.

Owó ilé wa jẹ́ 90,000 náírà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú 30,000 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó sì wà nínú akáúńtì ọ̀kan nínú wa. Nígbà tí 19,000 wa dínkù di 2,000, a yọ 10,000 níbẹ̀. “Tó bá di Mọ́ńdè, a ó dá a padà.” Gbogbo wa la sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé òun ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ń tò ẹgbẹ́ mẹ́rin, márùn-ún sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀kan ṣoṣo á sì já a. Miami Marlins ló kọ́kọ́ fìyà jẹ wá. Kòrónà mú agbábọ́ọ̀lù wọn tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn eré mẹ́ta péré, wọ́n dá eré wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé. A ní ẹgbẹ́ tí aláìsàn kún inú rẹ̀ ò lè borí ẹnikẹ́ni, a sì ń ta lòdì sí wọn. Wọ́n padà dé, wọ́n borí ní 31, wọ́n pàdánù 29, wọ́n wọ ìdíje ìkẹyìn, wọ́n sì lé Chicago Cubs sílé. Nígbà tí sáà parí ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹsàn-án, 28,000 ló kù nínú owó ilé.

A dáwọ́ dúró. Òótọ́ ni, a dáwọ́ dúró.

Eré àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá wáyé ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá. Ẹ̀yin náà mọ ọjọ́ yẹn. A ò wo béésìbọ́ọ̀lù kankan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa wà ní Lẹ́kí pẹ̀lú àwọn tó ń wọ́de EndSARS nígbà tí àwọn sójà yìnbọn. Ìwé àkọsílẹ̀ wa wà lórí tábìlì, fóònù wà lọ́wọ́ wa, a ń pè é, kò wọlé. Aago márùn-ún ìdájí ló tó gbé e, ó ní òun wà láàyè. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó borí ní Texas.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, a wo eré kẹrin. A ò fi kọ́bọ̀ lé e. Dodgers wà níwájú, 7 sí 6, abala kẹsàn-án ń parí lọ, ó ku ẹyọ ènìyàn kan kí wọ́n lé Rays kúrò. Brett Phillips gbá bọ́ọ̀lù sí àárín pápá, ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ kó mú un, ayò sì di ọgba. Randy Arozarena, ọmọ Kúbà, ń sáré bọ̀ wá sílé, ó ṣubú sójú ọ̀nà. A pariwo. Bọ́ọ̀lù tún bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ilé, ó dìde, ó fò lulẹ̀, ó ń fọwọ́ lu ilé léraléra. 8 sí 7. Ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, a ń fò mọ́ra wa bí ọmọdé. Nínú gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, eré yẹn nìkan ni a gbádùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú àwọn tó kù, owó wa ni a ń wò.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá onílé pè ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀: “Ẹ̀yin ọmọ mi, oṣù ti ń parí o.” Dodgers ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Rays lẹ́ẹ̀méjì. Tí Rays bá borí ní eré kẹfà, 28,000 yóò lé ní ìlọ́po méjì. A kó gbogbo rẹ̀ lé e.

Arozarena gbá ọ̀kan kọjá ògiri ní abala àkọ́kọ́. Ó lọ! Blake Snell, ajubọ́ọ̀lù Rays, ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ẹ̀mí gùn: ó lé onígi mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀lù méjì péré ni wọ́n rí gbá dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Ní abala kẹfà, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù 73, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ rìn jáde, ó sì mú un kúrò. Kevin Cash ni orúkọ ọkùnrin náà. Ẹ ò rí nǹkan, Cash ló kó káàṣì wa lọ. Mookie Betts gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, ayò di ọgba, ó di 2 sí 1, ó di 3 sí 1. Dodgers gba ife-ẹ̀yẹ tí wọn ò rí gbà láti ọdún 1988.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, Cash ni à ń ṣépè fún. Lẹ́yìn náà, a ka àlàyé rẹ̀: kò fẹ́ kí àwọn onígi Dodgers rí Snell nígbà kẹta, nítorí pé onígi túbọ̀ máa ń mọ ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù bí ó bá ti rí i léraléra. Ó ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe láti ìgbà pípẹ́, lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ṣẹnuure. Òun kọ́ ló rán wa níṣẹ́.

A lọ bá ìyá onílé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a dọ̀bálẹ̀, a sọ òtítọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ ò lè jí owó yẹn jẹun ni? Ebi ì bá pa yín, mo ń bọ́ yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju èébú lọ. Wọ́n fún wa di oṣù Kejì. Ọ̀kan ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ọ̀kan ń fi àmì ohùn sí ìwé ìwàásù fún àwọn pásítọ̀, ọ̀kan ń bá wọn ru búlọ́ọ̀kù. ASUU wọlé ní ìparí oṣù Kejìlá. A ṣì jẹ 34,000.

Àwọn òbí wa yóò mọ̀ bí wọ́n bá ka èyí. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ náà ṣì wà pẹ̀lú wa. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń kọ gbèsè sí báyìí, iye tí a san, iye tó kù. Tí eré bá tún bẹ̀rẹ̀, a ó wò ó, dátà nìkan ni a ó ná lé e.