Àkàrà àti Aṣọ Funfun ní Ìgboro Salvador

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ní kí n kọ ohun tí mo rí ní ìlú Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Ọ̀rọ̀ ilé òrìṣà wọn, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà wa tó lọ ṣáájú. Ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń wọ̀ ní ìgboro ni tèmi.

Àwọn Potogí ló tẹ Salvador dó ní 1549, òun sì ni olú-ìlú Bràsíl títí di 1763. Apá kan ìlú náà wà lórí òkè, apá kejì wà nísàlẹ̀ létí omi. Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, wà níbẹ̀. Ọmọ Àǹgólà wà níbẹ̀. Àwọn Fọ̀n tí wọ́n ń pè ní Jeje wà níbẹ̀, àti ọmọ Potogí, àti ọmọ onílẹ̀ tó ti ń gbébẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní gbogbo ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí lára pa pọ̀.

Mo gbọ́ òórùn epo pupa kí n tó rí ìyá tó ni ín. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí wọ́n sì fi ṣíbí igi pò títí tó fi wú, ló ń dà sínú epo gbígbóná. Acarajé ni wọ́n ń pè é: àkàrà àti jẹ ni wọ́n so pọ̀. Tiwọn tóbi tó ìkúùkù. Wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á ki vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti omi àgbọn sè, wọ́n á tún fi ilá, tòmátì àti edé gbígbẹ lé e. Tí ìyá náà bá bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ ẹ "quente", ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí gbígbóná, àmọ́ ata ló ń bèèrè o! Ká sọ òótọ́, vatapá ti pọ̀ jù fún ẹnu tèmi. Àkàrà àti ata nìkan tẹ́ mi lọ́rùn.

Wọ́n tún ní abará, ẹ̀wà lílọ̀ kan náà tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ẹ bá tọ́ ọ wò ẹ óò rántí ọ̀lẹ̀. Acaçá wọn, ẹ̀kọ tiwa ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ní àmàlà ń bọ̀, tí mo ti ń retí èlùbọ́, ilá Ṣàngó ni wọ́n gbé wá. Orúkọ wọ ọkọ̀ dé ọ̀hún, èlùbọ́ ò bá a dé.

Ẹ má fojú kékeré wo àkàrà yìí. Nígbà ẹrú, àwọn obìnrin wa ń gbé igbá oúnjẹ kiri ìgboro Salvador. Wọ́n ń jíṣẹ́ owó fún olówó wọn, èyí tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ara wọn padà, àwọn kan ra ọmọ wọn, kí òfin tó fòpin sí ẹrú ní 1888. Oúnjẹ Ọya ni àkàrà, wọn ò sì gbàgbé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, aṣọ pupa ló ń kún ìgboro, tí wọ́n ń ṣe ọdún Santa Bárbara, tí ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ sí Ọya.

Aṣọ wọn náà ní ìtàn. Ìyá alákàrà á wọ yẹ̀rì fífẹ̀ tó ní léèsì, á wé gèlè funfun, á da aṣọ kan lé èjìká, á sì fi ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà rẹ̀ sọ́rùn. Pano da costa ni orúkọ aṣọ èjìká yẹn, ìyẹn aṣọ tó ti etíkun Áfíríkà wá. Ilẹ̀ Yúróòpù ni léèsì ti wá ní tirẹ̀. Lójú tèmi, kò sí èyí tó ba èkejì jẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ óò rí òṣìṣẹ́ báńkì, awakọ̀ àti ọmọ iléèwé nínú aṣọ funfun nítorí Ọbàtálá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá. Àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn òrìṣà pàápàá ń bá wọn wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ìjà wà níbẹ̀ o. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì kan ń din àkàrà yìí kan náà, wọ́n bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní bolinho de Jesus, kí ẹnikẹ́ni má baà dárúkọ òrìṣà mọ́ ọn. Àwọn ìyá alákàrà yarí. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ Bràsíl kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bí ogún orílẹ̀-èdè. Kò sẹ́ni tó ní kí oníṣọ́ọ̀ṣì má jẹ àkàrà. Ìlú ńlá ni, kálukú ló ń jẹun. Pé kí wọ́n gba oúnjẹ, kí wọ́n sì pa orúkọ ẹni tó ni ín rẹ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Ọ̀rọ̀ náà ò jìnnà sí wa. Ṣé a ò rí Ifá tí wọ́n yọ kúrò nínú orúkọ ìdílé, tí wọ́n fi Jésù tàbí Olú rọ́pò? Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ wa ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ pamọ́ sínú báàgì kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà iléèwé?

Mi ò ní kí á máa ṣe bíi ti Bahia. Wọ́n fi Jímọ̀ọ́ ṣe ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá, àwa ń ka ọ̀sẹ̀ tiwa ní ọrọọrún. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ má parí sínú ilé. Ẹni tó bá lè wọ funfun lọ síbi iṣẹ́, kó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ìyá, tí ẹ bá ń din àkàrà, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé oúnjẹ Ọya ni, ẹ sì sọ fún wọn nípa àwọn obìnrin tó fi owó rẹ̀ ra ara wọn padà. Bí aládùúgbò bá kan ilẹ̀kùn, ẹ bù fún un, ohun yòówù kó máa sìn.

Ọbàtálá á fi àlà rẹ̀ bo gbogbo wa. Àṣẹ.